Èènì Lórí Ayélujára

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, mo jókòó, mo sì kọ lẹ́tà sí ènìyàn méjìlélógún lórí Instagram. Kí n má purọ́, lẹ́tà kan ṣoṣo ni mo kọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo ń dà kọ láti orí ẹnì kan dé orí ẹlòmíràn, orúkọ tó wà lókè rẹ̀ nìkan ni mo ń pààrọ̀. Nígbà tí mo fi máa dé orí ẹni kẹrìnlá, oorun ti ń kùn mí, mo sì gbàgbé láti pààrọ̀ orúkọ náà. Obìnrin tí lẹ́tà yẹn bọ́ sí lọ́wọ́ máa ń ṣe fídíò nípa oúnjẹ Ẹ̀gbá àti ti Ìjẹ̀bú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó dá mi lóhùn pé: “Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Orúkọ tó wà nínú lẹ́tà yín kì í ṣe tèmi, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Ṣé kí n bá yín jíṣẹ́ fún un ni?”

Mo ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta, ojú sì tì mí débi pé n kò lè fi han ọ̀gá mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú lórí ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí, ìyẹn àwọn ohun pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tó ń jẹ́ kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí ayélujára mọ̀ pé ènìyàn ni ilé iṣẹ́ kan kà á sí, kì í ṣe pátákó ìpolówó.

Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Abẹ́òkúta ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Adìrẹ ni ọjà wa. A ń rà á lọ́wọ́ àwọn aláró ní Ìtòkú àti ní Kémta, a ń rán an ní búbá, ní kàbà, ní báàgì, a sì ń tà á lórí ayélujára fún àwọn tó wà ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Peckham àti ní Houston. Owó tí a lè fi ra àyè lórí tẹlifíṣọ̀n kò sí lọ́wọ́ wa. Àwọn tó ń bá wa gbé ọjà síta ni àwọn tí gbogbo ayé ń pè ní content creator, tí èmi máa ń pè ní oníṣẹ́ àtinúdá orí ayélujára: ẹni tó ń se oúnjẹ níwájú fóònù, ẹni tó ń ya àwòrán ilé àtijọ́, ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí òkè òkun ní èdè wọn, ẹni tó kàn jókòó sórí àga tó ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ju olùtẹ̀lé 10,000 lọ, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá sọ pé aṣọ kan dára, àwọn tó ń tẹ̀ lé wọn a gbà wọ́n gbọ́ ju bí wọ́n ṣe máa gba èmi tí mo ń ta aṣọ náà gbọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ tó bá ohun tí mò ń sọ mu jù lọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun rárá. Èènì ni. Ìyá àgbà mi ta gààrí ní ọjà Láfẹ́nwá fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì máa ń tẹ̀ lé wọn lọ sí ìsọ̀ nígbà ìsinmi ilé ìwé. Bí wọ́n bá ti wọn kọ́ńgò tán, tí wọ́n dà á sínú báàgì oníbàárà, wọ́n á tún ki ọwọ́ bọ inú àpò gààrí, wọ́n á bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Oníbàárà wọn kan wà tó bí ìbejì. Tí obìnrin náà bá dé, ẹ̀kúnwọ́ méjì ni ìyá àgbà mi máa ń bù, wọ́n á sì máa sọ ọ́ síta bí wọ́n ti ń bù ú: “Ti Táyé rèé. Ti Kẹ́hìndé rèé.” Ìsọ̀ gààrí pọ̀ ní ọjà náà bí eéṣú, iye tí wọ́n ń tà á kò sì yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ìsọ̀ ìyá àgbà mi nìkan ni wọ́n ti ń ka àwọn ìbejì náà mọ́ ọjà. Obìnrin yìí a rìn láti ìpẹ̀kun ọjà wá sọ́dọ̀ wọn, a sì kọjá alágààrí mẹ́fà kó tó dé ibẹ̀.

Ẹ̀kúnwọ́ gààrí kan kò tó tẹ ẹ̀bà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó ń tajà ti wo ẹni tó ń rajà dáadáa, ó sì rántí ohun tó rí.

Ìyẹn gan-an ni kò sí nínú lẹ́tà tí mo kọ sí ènìyàn méjìlélógún, kò sì sí nínú ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí àwọn ilé iṣẹ́ ń kọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ní olùtẹ̀lé 40,000 fi àwọn tó gbà láàárín ọ̀sẹ̀ kan hàn mí. Kò sí èyí tí ènìyàn lè pè ní àrífín nínú wọn. Wọ́n kí i dáadáa, wọ́n ní iṣẹ́ rẹ̀ wú àwọn lórí, wọ́n ní àwọn fẹ́ bá a dòwò pọ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lókè, tí ẹ sì fi ti mẹkáníìkì kan síbẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ni yóò bá mẹkáníìkì náà mu. Ẹnì kan tilẹ̀ kọ ọ́ pé, “Fídíò yín tó kẹ́yìn dùn mọ́ mi púpọ̀,” bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú fídíò tó kẹ́yìn náà ni ọ̀rẹ́ mi ti ń sunkún pé ajá òun kú.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo yí padà ni pé n kì í kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni mọ́ láìjẹ́ pé mo wo iṣẹ́ rẹ̀ tán. Iṣẹ́ tó ń gba àkókò ni, n kò sì mọ ọ̀nà àbùjá kankan tí ènìyàn lè gbà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Ìbàdàn tó máa ń rìn kiri Bẹẹrẹ, Ọjà’ba àti Màpó, tó ń ya àwòrán àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́, tó sì ń sọ ìtàn ìdílé tó kọ́ wọn. Nínú fídíò kan tó gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, ó dúró síwájú Gbọ̀ngàn Màpó, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, ó ń ka àwọn òpó ńláńlá tó wà níwájú rẹ̀. Ó ka ìkíní, ó ka ìkejì, ni ewúrẹ́ kan bá wọ àárín òun àti ẹ̀rọ ayàwòrán, kò sì kúrò níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ewúrẹ́ tún padà wá. Ìṣẹ́jú kẹrìnlá fídíò náà ni ìran yìí wà, ẹni tí kò bá sì ní sùúrù kò lè débẹ̀.

Ẹni tó bá mọ adìrẹ yóò ti mọ ibi tí ọkàn mi lọ. Lára àwọn ọnà adìrẹ ẹlẹ́kọ tó lókìkí jù lọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, àwọn òpó Màpó sì wà lára rẹ̀. Wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ tọ́ ẹ̀kọ láfún tí wọ́n ti po álọ́ọ̀mù mọ́, wọ́n á fi ya ọnà náà sára aṣọ funfun ní ìlà ní ìlà, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á wá rì í sínú aró; ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní mú un, ibẹ̀ ni yóò yọ fẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tí wọ́n bá hó ẹ̀kọ náà kúrò. A yan Ìbàdàndùn kan fún ọ̀dọ́mọkùnrin yìí. Mo wá ya ewé kan nínú ìwé, mo sì fi bírò kọ ọ́ sí i pé: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa ka iye òpó tó wà lára aṣọ yìí. Kò sí ewúrẹ́ níbí tí yóò dí yín lọ́wọ́.”

A kò ní kó ṣe fídíò. A kò fún un ní àmì ẹ̀dínwó tàbí ọ̀rọ̀ tó gbọ́dọ̀ sọ. Ní ọjọ́ kẹfà, ó tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn, ó sì fi ìka ka àwọn òpó náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ jáde láti inú ilé, ó ní irú aṣọ yẹn ni ìyá òun fi pọn òun. Aṣọ tí a fi ránṣẹ́ sí i kò wọ́n ju èyí tí a ti ń fún àwọn ẹlòmíràn láìsí èsì kankan lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún tí mo fi wo fídíò rẹ̀ tán, àti ewé ìwé kan, ni a fi kún un.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló tẹ̀ lé e. Nínú gbogbo èdè, orúkọ ènìyàn ṣe pàtàkì sí i, ṣùgbọ́n nínú èdè tiwa, àmì ohùn kan tó bá ṣìnà lè sọ orúkọ di ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá. Mo máa ń wo bí oníṣẹ́ àtinúdá kan ṣe ń pe orúkọ ara rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ fídíò, kí n tó kọ ọ́ sára páálí tí a fi ń di ẹrù, pẹ̀lú àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá náà mọ agbára orúkọ. Nígbà tí ìkànnì ẹnì kan lórí YouTube bá ní olùforúkọsílẹ̀ 100,000, wọ́n lè fún un ní àmì ẹ̀yẹ aláwọ̀ fàdákà. Ti 1,000,000 jẹ́ aláwọ̀ wúrà, ti 10,000,000 sì ni wọ́n ń pè ní dáyámọ́ńdì. Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti gba aláwọ̀ fàdákà. Ó gbé e kọ́ sí pálọ̀, lábẹ́ àwòrán ìgbéyàwó àwọn òbí rẹ̀, orúkọ ìkànnì rẹ̀ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ sì ni ó máa ń nàka sí fún àlejò, kì í ṣe àwọ̀ fàdákà náà.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ “ẹ” àti “o”. Púpọ̀ nínú àwọn oníṣẹ́ àtinúdá yìí kéré sí mi lọ́jọ́ orí, àwọn kan kò tilẹ̀ tíì pé ogún ọdún. Ọ̀gá mi gbà pé kí a máa pè wọ́n ní “ìwọ”, kó lè dà bí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́. Èmi kò gbà. Ẹni tí mo fẹ́ bá dòwò pọ̀, “ẹ̀yin” ni mo máa ń pè é títí tí òun fúnra rẹ̀ yóò fi ní, “Àǹtí, ẹ má pè mí ní ẹ̀yin mọ́.” Ọjọ́ tó bá sọ bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ pé a ti kúrò ní ibi tí a wà tẹ́lẹ̀.

Ìkíni wa pẹ̀lú ti ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí fún wa ṣáájú kí ayélujára tó dé. Ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú ìṣílé, ẹ kú ìrìnàjò, ẹ kú àṣẹ̀yìndè: ìkíni wà fún ohun gbogbo tó lè ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn, kò sì ná ilé iṣẹ́ ní kọ́bọ̀. Nígbà tí bàbá ọ̀kan nínú wọn kú, ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni fídíò tó ń ṣe fún wa yẹ kó jáde. Ọ̀gá mi ní kí a fi káàdì tí àmì ilé iṣẹ́ wa wà lára rẹ̀ kẹ́dùn pẹ̀lú rẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí a má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kàn kí i, mo sì sọ fún un pé a ti sún ọjọ́ náà síwájú, àti pé òun ni yóò dá ọjọ́ mìíràn. Oṣù méjì kọjá kó tó padà wá, iṣẹ́ tó sì mú wá dára ju èyí tí a bá a ṣe àdéhùn rẹ̀ lọ.

Ó yẹ kí n sọ èyí tí mo ti ṣe tí kò dára pẹ̀lú. Obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bímọ. Lẹ́ẹ̀kan péré ló sọ ọ́ nínú fídíò, kò sì fi ọmọ náà hàn rí. Èmi tí mo rò pé mo gbọ́n bá ní kí wọ́n rán dàńṣíkí adìrẹ kékeré kan, kí wọ́n sì ṣe iṣẹ́ ọnà orúkọ ọmọ náà sí i láyà. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni mo ti gbọ́ orúkọ náà. Aṣọ yìí dára tó bẹ́ẹ̀ tí mo ya àwòrán rẹ̀ pa mọ́ kí a tó di í. Èsì tó fi ránṣẹ́ kò gùn: “Ẹ ṣé, mà. Báwo ni ẹ ṣe mọ orúkọ ọmọ mi?” Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé, ṣùgbọ́n kò sí àlàyé tó lè bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ìyá àgbà mi mọ àwọn ìbejì nítorí pé ìyá wọn ló pọ̀n wọ́n wá sí ìsọ̀. Kò lọ wádìí wọn nílé. Láti ìgbà náà, ohun tí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé síta nìkan ni mo ń lò, bí mo bá sì fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́, mo máa ń béèrè ibi tó fẹ́ kí a gbé e sí, nítorí ẹlòmíràn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ilé òun, ó sàn fún un kó lọ gbà á ní ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó wá ńkọ́? Èyí ni ó ń bí mi nínú jù lọ nínú ọ̀rọ̀ àwọn ilé iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kì í fi èènì dípò ọjà. Ìyá àgbà mi kò lè bu ẹ̀kúnwọ́ gààrí fún ènìyàn kí wọ́n wá dá kọ́ńgò tó sanwó rẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n jẹ ẹ́ ní owó iṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta gbáko, gbogbo ìgbà tó bá sì béèrè ni wọ́n ń sọ fún un pé ìwé rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ akọ̀wé owó. Nígbà tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ pé, ọlọ́kadà kan dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú kéèkì aláwọ̀ méjì, orúkọ ọ̀rẹ́ mi wà lórí rẹ̀, àmì ilé iṣẹ́ náà sì wà lábẹ́ orúkọ náà. Ó gé e, ó pín in fún àwọn ọmọ àdúgbò, ó sì kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà pé kéèkì yín dùn, ẹ jọ̀wọ́, owó mi dà? Àwa ti fi í ṣe òfin nílé iṣẹ́ wa pé ọjọ́ tí fídíò bá jáde ni owó ń wọlé. Bí n kò bá ní agbára fún ohun mìíràn nínú oṣù kan, tí n kò ráyè kọ lẹ́tà, tí n kò rí aṣọ yàn, mo máa ń rí i dájú pé ti owó yẹn kò yẹ̀.

Fún àwọn tó wà ní òkè òkun, ohun kan tún wà tí ènìyàn kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Ní Amẹ́ríkà, FTC, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ní ẹni tó bá gba ọjà lọ́fẹ̀ẹ́, tó sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa fún àwọn olùtẹ̀lé rẹ̀, gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ńṣe ni wọ́n fún òun, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá san owó fún un. Àwọn tó ń mójú tó ìpolówó ní Ìlú Ọba náà ń béèrè ohun tó jọ èyí. Mo máa ń kọ ọ́ sínú lẹ́tà wa pé kí wọ́n sọ ọ́ láìfi bò, nítorí ilé iṣẹ́ tó bá fún ènìyàn ní ẹ̀bùn tó lè kó o sí wàhálà kò ṣe é lóore kankan.

Ní báyìí, àwọn ẹ̀rọ wà tó lè kọ lẹ́tà fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú kan, tí yóò sì dárúkọ fídíò oníkálukú wọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní Èkó ń lò wọ́n, n kò sì bá wọn jà. Àwọn oníṣẹ́ àtinúdá sọ fún mi pé àwọn ti ń dá a mọ̀: gbogbo ìyìn inú rẹ̀ máa ń jẹ́ ti àkọlé fídíò, kì í dé ibi tí ewúrẹ́ wà. Èmi ṣì ń lo ìwé àkọsílẹ̀ aláwọ̀ búlúù kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Ẹni tó kórìíra àwọ̀ pupa wà níbẹ̀, ẹni tó ń gbààwẹ̀ ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ wà níbẹ̀, ẹni tí kò fẹ́ kí a pe òun lórí fóònù kí agogo mẹ́wàá tó lù náà wà níbẹ̀.

Obìnrin tí mo fi orúkọ ẹlòmíràn kọ̀wé sí wà ní ojú ewé kìíní ìwé náà. Lẹ́yìn tí mo tọrọ àforíjì, n kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin. Mo kàn ń wo fídíò rẹ̀. Ìgbà tó ń se ìkókóórẹ́ ni mo rí i pé ọwọ́ òsì ló fi ń rin iṣu ewùrà, pé ìró àtijọ́ kan tó ti ya létí ló sì máa ń so mọ́ ìdí tó bá ń dáná. Ní ilẹ̀ wa tí wọ́n ti máa ń gbá ọmọdé lọ́wọ́ nítorí ọwọ́ òsì, mo mọ̀ pé kò lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ti ṣe ohun èlò kan fún un ní ìhà ibẹ̀ rí. A rán aṣọ ìdáná adìrẹ kan fún un, a sì fi àpò rẹ̀ sí apá òsì. Ó pè mí ní ọjọ́ tó gbà á. Kò kí mi pàápàá kó tó béèrè pé, “Ta ló sọ fún yín pé ọlọ́wọ́ òsì ni mí?” Mo ní fídíò rẹ̀ ni.

Ó ti tó ọdún méjì tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù tó kọjá, ọlọ́kadà kan gbé ọ̀rá kókórò kan wá fún mi ní ọ́fíìsì, ó ṣì gbóná díẹ̀. Wọ́n fi bírò kọ orúkọ kan sára rẹ̀ gàdàgbà-gadagba, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀, orúkọ náà kì í sì í ṣe tèmi. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ó fi lẹ́tà kéékèèké kọ ọ́ pé: “Ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ bá mi fún ẹni tó ń jẹ́ ẹ.”